Ẹ̀rọ ìgékoríko tí à ń gùn kọ̀, kò ṣáná: ẹ tẹ́tí sí i kí ẹ tó náwó

Ìbéèrè tí mo kọ́kọ́ máa ń bi ẹni tó bá ní ẹ̀rọ ìgékoríko òun kò ṣáná mọ́ ni pé: "Nígbà tí ẹ yí kọ́kọ́rọ́, kí lẹ gbọ́?" Ọ̀pọ̀ wọn kì í rí èsì fọ̀. Wọ́n á ní, "Kò ṣáà ṣiṣẹ́ ni." Àwọn mìíràn á ti ra bátìrì tuntun, wọ́n á ti pààrọ̀ sítátà, wọ́n á ti tú kábúrétọ̀ palẹ̀ sínú abọ́, kí ẹnikẹ́ni tó bi wọ́n ní ìbéèrè yẹn. Iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì kékeré ni mò ń ṣe jẹun. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n ń gbé wá fún mi, ẹ̀rọ ìgékoríko tí à ń jókòó lé lórí ló rọrùn jù láti fi owó ṣòfò sí, nítorí wáyà àti súwíìṣì inú rẹ̀ pọ̀ ju ti èyí tí à ń fi ọwọ́ tì lọ. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ohun tó ń ṣe é kò ṣòro láti mọ̀ fún ẹni tó bá lè fi etí sílẹ̀.

Ohùn mẹ́rin ló wà. Bí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́ tó dákẹ́ rọ́rọ́, ọ̀nà kan nìyẹn. Bó bá dún "tá" lẹ́ẹ̀kan, tàbí "ta-ta-ta-ta" léraléra, ọ̀nà kejì. Bí ẹ́ńjìnnì bá yí díẹ̀ tó wá dúró gbọn-in, ọ̀nà kẹta. Bó bá ń yí geere tí kò sì ṣáná, ọ̀nà kẹrin. Ẹ má ṣe mú sípánà kankan títí ẹ ó fi mọ èyí tí ẹ wà lójú rẹ̀.

Kí ọwọ́ tó kan ohunkóhun

Ẹ gbé e sí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Ẹ yọ abẹ kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ẹ fa bíréèkì ìdúró, ẹ yọ kọ́kọ́rọ́. Nígbàkígbà tí ọwọ́ yín bá fẹ́ dé ìsàlẹ̀ níbi tí abẹ wà, tàbí tí ẹ bá fẹ́ fi ọwọ́ yí ẹ́ńjìnnì, ẹ yọ wáyà tó wà lórí plọ́ọ̀gì, kí ẹ sì gbé e jìnnà sí i. Epo bẹntiróòlù ń gbé oru tí ojú ò rí jáde, bátìrì tó ń gba ṣáàjì náà ń tú gáàsì háídrójìn sílẹ̀. Iná sìgá kan ṣoṣo ti tó láti mú kí méjèèjì gbiná. Mi ò ní tún èyí sọ mọ́.

Irinṣẹ́ tí ẹ nílò kò pọ̀: sípánà àti sukudíráfà, mítà tó ń ka fọ́ltì, tẹ́sítà tí wọ́n fi ń wo iná plọ́ọ̀gì, àti feeler gauge, ìyẹn àwọn pẹlẹbẹ irin tín-ín-rín tí wọ́n fi ń wọn àlàfo. Bí ẹ ò bá ní mítà, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ rà. Ó ti gba àwọn èèyàn lọ́wọ́ bátìrì tí wọn ò nílò.

Nígbà tó bá dákẹ́ rọ́rọ́

Ọkàn gbogbo ayé máa ń lọ sí bátìrì. Ẹ ní sùúrù díẹ̀ ná. Bí iná iwájú ẹ̀rọ yín bá ń gba agbára láti ara bátìrì, ẹ tàn án, kí ẹ wá yí kọ́kọ́rọ́ síbi ìṣáná, kí ẹ sì máa wo iná náà. Bó bá kú tàbí tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, bátìrì tàbí ẹnu wáyà rẹ̀ lẹ ó lọ bá. Ṣùgbọ́n bó bá mọ́lẹ̀ kedere tí nǹkan kan ò sì yí padà lára rẹ̀, bátìrì ò ṣẹ̀ yín. Àṣẹ tí ẹ pa fún sítátà ni kò dé ibi tó ń lọ, ọ̀nà sì ti já níbì kan.

Ibi tó sì sábà máa ń já ni ara àwọn súwíìṣì ààbò. Àwọn tó ṣe ẹ̀rọ yìí ò fẹ́ kó ṣáná nígbà tí abẹ lè yí tàbí tí táyà lè gbéra, nítorí náà wọ́n to súwíìṣì sí ojú ọ̀nà tí iná ń gbà láti ọ̀dọ̀ kọ́kọ́rọ́ lọ sí ọ̀dọ̀ sítátà. Ọ̀kan wà lábẹ́ pẹ́dàlì bíréèkì tàbí kúlọ́ọ̀ṣì. Ọ̀kan wà níbi ọwọ́ tàbí bọ́tìnì tí ẹ fi ń mú abẹ yí. Lórí zero-turn, èyí tó ní ọ̀pá ìdarí méjì dípò sítíárì, àwọn ọ̀pá náà gbọ́dọ̀ ṣí síta sí ẹ̀gbẹ́, bíréèkì ìdúró sì gbọ́dọ̀ wà ní fífà. Bí ẹnu ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn ò bá pàdé, kò sí iná tó máa kọjá.

Nítorí náà, ẹ tẹ pẹ́dàlì mọ́lẹ̀ pátápátá, kì í ṣe díẹ̀. Ẹ fa ọwọ́ abẹ wálé kí ẹ sì tún tì í padà lẹ́ẹ̀kan sí i, torí ó lè dà bí ẹni pé ó ti pa nígbà tí kò tíì délẹ̀. Ẹ tún yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ̀rọ tó ṣáná lẹ́yìn èyí pọ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ, kò sì ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀.

Bí kò bá dáhùn, ẹ wá súwíìṣì náà rí lójúkojú. Koríko gbígbẹ àti eruku máa ń há mọ́ orí rẹ̀ tí kò fi ní í wọlé. Irin tó dì í mú lè ti tẹ̀ tí pẹ́dàlì ò fi kàn án dáadáa. Eku sì lè ti jẹ wáyà rẹ̀. Ẹ yọ ẹnu wáyà náà, ẹ gbé mítà síbi tó ti máa ń dún "píì" bí iná bá lè kọjá, kí ẹ fi ọwọ́ tẹ súwíìṣì kí ẹ sì fi sílẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ yí padà láti dídún sí àìdún, tàbí láti àìdún sí dídún. Àwọn mìíràn ní ẹsẹ̀ mẹ́rin, méjì ń pàdé nígbà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, méjì ń já. Ẹ wò wọ́n ní méjì-méjì.

Ti abẹ́ ìjókòó yàtọ̀ díẹ̀, àwọn èèyàn sì máa ń dà á rú mọ́ àwọn yòókù. Lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, kì í ṣe sítátà ló ń dí lọ́wọ́, iná plọ́ọ̀gì ló ń pa. Ẹ́ńjìnnì á máa yí, á tilẹ̀ ṣáná, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí bíréèkì báyìí, á kú fin. Bí tiyín bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ má lọ fọ kábúrétọ̀. Ẹ ṣí ìjókòó sókè, ẹ wo súwíìṣì tó wà lábẹ́ rẹ̀ àti wáyà tó ń lọ síbẹ̀.

Àwọn kan á gé wáyà kúkúrú, wọ́n á fi so ẹnu súwíìṣì pọ̀, wọ́n á ní ìṣòro ti tán. Èmi kì í ṣe é fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rọ tí wọ́n bá gbé wá bá mi bẹ́ẹ̀, mo máa ń dá a padà sí bó ṣe yẹ kó wà kí n tó fọwọ́ kan ibòmíràn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn ò bẹ̀ mí. Ẹni tó bá já bọ́ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni súwíìṣì yẹn wà fún: kí abẹ má bàa máa yí títí dé orí ẹsẹ̀ rẹ̀.

Fíùsì ńkọ́? Ẹ wá a lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, nítòsí bátìrì tàbí lábẹ́ ìjókòó. Ọ̀pọ̀ jẹ́ ti 15 tàbí 20 áńpíà, nọ́ńbà rẹ̀ wà lórí rẹ̀. Bó bá ti jó, ẹ fi irú rẹ̀ gan-an rọ́pò rẹ̀, ẹ má fi èyí tó tóbi jù ú lọ. Bí tuntun náà bá tún jó lójú ẹsẹ̀, wáyà kan ti bó tó sì ń fara kan irin. Òun ni kí ẹ wá.

Bátìrì wá kàn báyìí. Ti 12 fọ́ltì ni. Bó bá sinmi fún wákàtí mélòó kan lẹ́yìn ṣáàjì, bátìrì tó kún máa ń ka 12.6 sí 12.7. Ní 12.4, ó ti fà sẹ́yìn. Ní 12.2, ó ti dé ìdajì. Ní 12.0, ẹ kà á sí òfìfo, bí nọ́ńbà náà tilẹ̀ ń tan ẹni tí kò mọ̀ jẹ pé ó ṣì jẹ́ 12. Kí ẹ tó dá a lẹ́bi, ẹ wo orí rẹ̀ méjèèjì: ẹ̀fun funfun tàbí aláwọ̀ ewé tó ń hù níbẹ̀ kì í jẹ́ kí iná kọjá. Wáyà òdì, èyí tó ní àmì àyọkúrò, ni ẹ ó kọ́kọ́ tú. Òun náà ni ẹ ó so kẹ́yìn. Ẹ fi bẹ́kìn sódà tí ẹ pò mọ́ omi fọ̀ ọ́, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì irin ha á títí yóò fi dán, ẹ so ó padà le dan-in. Lẹ́yìn náà, ẹ tọ ipa wáyà òdì yẹn dé ibi tí wọ́n ti fi bóòtù dè é mọ́ ara ẹ̀rọ. Ìpẹtà máa ń bẹ lábẹ́ bóòtù yẹn níbi tí ẹnikẹ́ni ò wò, gbogbo àmì rẹ̀ á sì jọ ti bátìrì tó ti kú.

Ṣáàjà kékeré ti áńpíà 2 dára fún un, ẹ jẹ́ kó sùn mọ́ ọn. Àwọn ṣáàjà ọkọ̀ ńlá ní ibi tí wọ́n ti ń rọ́ iná lé bátìrì lórí lójijì láti fi ṣáná. Ìyẹn pọ̀ jù fún bátìrì kékeré. Bí ẹ bá fẹ́ yá iná lára ọkọ̀, kó jẹ́ ọkọ̀ 12 fọ́ltì, kí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ náà sì wà ní pípa. Ẹnu wáyà tó kẹ́yìn, irin ara ẹ́ńjìnnì ẹ̀rọ ìgékoríko ni kí ẹ fi mú, níbi tó jìnnà sí bátìrì.

Nígbà tó bá ń dún "tá"

"Ta-ta-ta-ta" tó yára kì í sábà nítumọ̀ méjì: iná ò tó. Ẹ padà sí ọ̀rọ̀ bátìrì àti ẹnu wáyà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ.

"Tá" kan ṣoṣo tó dún ketekete tí gbogbo nǹkan sì dákẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ ń sọ pé súwíìṣì gbogbo dára, àṣẹ ti dé ọ̀dọ̀ sólẹ́nọ́ìdì, ẹ lè gbàgbé pẹ́dàlì àti ìjókòó. Sólẹ́nọ́ìdì ni nǹkan kékeré tó ní bóòtù ńlá méjì: wáyà gbọ̀ngbọ̀n kan wá láti ara bátìrì, èkejì ń lọ sí sítátà. Mítà ló máa dájọ́ níhìn-ín, ẹ sì nílò ẹni tó máa bá yín yí kọ́kọ́rọ́ nígbà tí ẹ bá ń wò ó. Ẹ kọ́kọ́ fi mítà sórí bátìrì fúnra rẹ̀: bó bá já wálẹ̀ kọjá bíi 9.6 fọ́ltì nígbà tí wọ́n yí kọ́kọ́rọ́, bátìrì ò lágbára, ohun yòówù kó kà nígbà tó sinmi. Bó bá dúró dáadáa, ẹ fi ẹnu mítà kan sórí bóòtù ńlá kọ̀ọ̀kan sólẹ́nọ́ìdì. Nígbà tó bá dún "tá", ó yẹ kí mítà sún mọ́ òdo. Bó bá ṣì ń ka 12, irin inú rẹ̀ ti jó, kò gbé iná kọjá mọ́, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Bó bá sún mọ́ òdo, ẹ wọn iná láti bóòtù tó wà lára sítátà sí ara sítátà gan-an. Bí iná tó tó 10 fọ́ltì bá ń dé ibẹ̀ tí sítátà ò sì mira, ẹ yọ plọ́ọ̀gì kí ẹ fi ọwọ́ yí ẹ́ńjìnnì wò. Bó bá yí, sítátà ló ti kú. Bí kò bá yí, ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ló há, kì í ṣe sítátà, ẹ má tíì ra ohunkóhun.

Mo mọ̀ pé àwọn mẹkáníìkì kan máa ń fi sukudíráfà so bóòtù ńlá méjèèjì sólẹ́nọ́ìdì pọ̀ kí sítátà lè yí. Ó ń ṣiṣẹ́. Ó sì ń fo gbogbo súwíìṣì ààbò kọjá, tí ẹ bá sì dúró síwájú táyà nígbà náà, ẹ ti mọ ìyókù. Mítà á sọ ohun kan náà fún yín láìsí ewu.

Nígbà tó bá yí díẹ̀ tó wá dúró gbọn-in

Apá yìí ni owó àwọn èèyàn ti ń ṣòfò jù, ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ ọ́.

Ẹ́ńjìnnì onísìlíńdà kan tó tóbi ní agbára ìfúnpọ̀ tó pọ̀ gan-an. Sítátà kékeré ò lè dá borí rẹ̀. Nítorí náà, wọ́n fi ohun kékeré kan sára camshaft, ìyẹn ọ̀pá tó ń ṣí àwọn fáàfù tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé tí èéfín sì ń gbà jáde. Ohun náà máa ń ṣí ọ̀kan nínú fáàfù díẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì ń yí jẹ́jẹ́, kí afẹ́fẹ́ lè rí ibi sá gbà. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti ṣáná tó sì yára, ohun náà á fa ara rẹ̀ sẹ́yìn. Ṣíṣí yẹn kéré púpọ̀. Bí àlàfo fáàfù, ìyẹn àyè tó wà láàárín fáàfù àti apá tó ń tì í, bá ti ṣí jù nítorí lílò, ohun náà kò ní lè tì í mọ́, fáàfù ò ní ṣí, sítátà á wá dà bí ẹni tó ń ti ilẹ̀kùn tí ẹlòmíràn dì mú láti inú.

Ohun tí ẹ ó rí ni pé ẹ́ńjìnnì á yí ìdajì, á dúró gbọn-in, nígbà mìíràn á tún sọ ara rẹ̀ kọjá lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá kan, á sì ṣáná. Ẹni tó ni ín á ra bátìrì. Bátìrì tuntun lágbára, nítorí náà á borí rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ẹni náà á sì gbà pé òun ti rí i ṣe. Nígbà tó bá tún bẹ̀rẹ̀, á ra sítátà. Mo ti rí èyí lọ́wọ́ àwọn èèyàn tó gbọ́n gan-an, torí gbogbo àmì ló ń nà ìka sí bátìrì.

Ìdánwò rẹ̀ ò le. Ẹ yọ plọ́ọ̀gì, kí ẹ sì rí i pé ẹnu wáyà rẹ̀ jìnnà sí ihò náà. Ẹ yí kọ́kọ́rọ́. Bí sítátà bá ń yí ẹ́ńjìnnì fìrìfìrì nígbà tí kò sí plọ́ọ̀gì, tó sì ń há nígbà tí plọ́ọ̀gì wà níbẹ̀, tí bátìrì sì dára lójú mítà, àlàfo fáàfù ni kí ẹ wò.

Àmọ́ bí epo bá tú jáde fọ́ọ́ láti ihò plọ́ọ̀gì nígbà tí ẹ dán èyí wò, ọ̀rọ̀ ti yí padà. Abẹ́rẹ́ inú kábúrétọ̀ tó yẹ kó dá epo dúró ti há ní ṣíṣí, epo ti ṣàn wọ sìlíńdà títí ó fi kún, písítìnì ò sì lè fún nǹkan olómi pọ̀. Ẹ fa ọ̀pá ìwọn ọ́ìlì jáde kí ẹ gbọ́ òórùn rẹ̀. Bí ọ́ìlì bá ti ga ju àmì lọ tó sì ń rùn bí epo bẹntiróòlù, ẹ má ṣe ṣáná sí i rárá. Ẹ tún abẹ́rẹ́ yẹn ṣe, ẹ da ọ́ìlì náà nù pátápátá, ẹ fi tuntun sí i. Ọ́ìlì tí epo ti là mọ́ kò lè dáàbò bo irin mọ́, ó sì lè gbiná.

Ká padà sí fáàfù. Ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ tutù. Ẹ tú ìbòrí fáàfù tó wà ní iwájú orí ẹ́ńjìnnì. Bóòtù mẹ́rin ló sábà máa ń dì í mú. Ẹ yọ plọ́ọ̀gì, ẹ ti igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí kò lè ṣẹ́ bọ ihò rẹ̀ kí ó lè máa fi ìrìn písítìnì hàn yín. Ẹ fi ọwọ́ yí ẹ́ńjìnnì láti òkè, sí ọ̀nà tó máa ń yí sí, títí písítìnì yóò fi dé òkè nígbà tí fáàfù méjèèjì wà ní títì. Ẹ jẹ́ kó kọjá òkè díẹ̀, tó bí ìdámẹ́rin ínṣì, ìyẹn nǹkan bíi mílímítà 6. Ìdí ni pé bó bá ṣì wà lókè gan-an, ohun kékeré tí mo sọ yẹn lè ṣì di fáàfù mú, ẹ ó sì wọn irọ́.

Ẹ ti irin feeler gauge bọ àárín fáàfù àti apá tó ń tì í. Lórí ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì onísìlíńdà kan ti ilé iṣẹ́ Briggs & Stratton tí fáàfù rẹ̀ wà lórí, àlàfo fáàfù tó ń gba afẹ́fẹ́ wọlé jẹ́ 0.003 sí 0.005 ínṣì, ti èyí tó ń tú èéfín jáde jẹ́ 0.005 sí 0.007. Ẹ̀gbẹ́ kábúrétọ̀ ni èyí tó ń gba afẹ́fẹ́ wà, ẹ̀gbẹ́ sàléńsà ni èkejì wà. Ẹ wo ìwé ẹ́ńjìnnì tiyín kí ẹ tó tú nọ́ọ̀tì. Bí àlàfo bá ti ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ dẹ nọ́ọ̀tì ìdènà, ẹ yí ti àárín títí irin náà yóò fi máa wọlé pẹ̀lú ìfàsẹ́yìn díẹ̀, ẹ di nọ́ọ̀tì ìdènà padà, kí ẹ sì tún un wọ̀n, nítorí dídì á máa yí i padà. Lẹ́yìn èyí, ẹ fi ọwọ́ yí ẹ́ńjìnnì jẹ́jẹ́ kí ẹ máa wo àwọn fáàfù bí písítìnì ṣe ń gòkè: ẹ ó rí ọ̀kan tó gbọ̀n díẹ̀, bí ẹni ṣẹ́jú. Bí ẹ ò bá rí i rárá lẹ́yìn tí àlàfo ti pé, ohun tó wà lára camshaft fúnra rẹ̀ ló ti bàjẹ́, iṣẹ́ ńlá nìyẹn, mẹkáníìkì ni kí ẹ pè.

Gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun ni kí ẹ fi sí ìbòrí náà. Ẹ kíyè sí i pé àwọn ẹ́ńjìnnì Kohler kan ní tápẹ́ẹ̀tì, ìyẹn irin tó ń gbé ìtì camshaft lọ sí fáàfù, tó ń fi ọ́ìlì ṣe àlàfo ara rẹ̀. Irú wọn ò nílò èyí.

Nígbà tó bá ń yí geere tí kò ṣáná

Ẹ yí i fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, ṣóòkù ní títì, kí ẹ wá yọ plọ́ọ̀gì. Ó tutù tó sì ń rùn epo, àbí ó gbẹ? Ìdáhùn yìí á gé iṣẹ́ yín sí méjì.

Bó bá gbẹ, epo ò dé. Mo máa ń tẹ̀ lé ọ̀nà epo láti táńkì wá. Epo fúnra rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ń gbọ́ òórùn rẹ̀: epo tó ti jókòó ju bí oṣù kan lọ láìsí oògùn ìtọ́jú ti ń bàjẹ́ lọ, bó bá sì ti ń rùn bí fáníìṣì, ẹ fà á jáde, ẹ má gbìyànjú láti fi tuntun là á. Epo tí wọ́n fi ẹtanọ́ọ̀lì tó kọjá 10 nínú ọgọ́rùn-ún là kò yẹ fún àwọn ẹ́ńjìnnì wọ̀nyí. Ẹ wò ó bóyá ẹnu ọ̀nà epo wà ní ṣíṣí. Ẹ dẹ ìdérí táńkì díẹ̀ kí ẹ tún dán an wò. Ihò kékeré tó wà lára rẹ̀ lè dí, táńkì á sì di epo mú sínú. Fíltà epo ní ọfà, ọfà náà gbọ́dọ̀ kọjú sí ẹ́ńjìnnì. Bí ó bá ní pọ́ǹpù epo tó ní rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́ta, ọ̀kan nínú wọn wá láti ikùn ẹ́ńjìnnì, ìmí ikùn ẹ́ńjìnnì yẹn ló sì ń mú pọ́ǹpù ṣiṣẹ́. Bí rọ́bà náà bá ya, pọ́ǹpù ti kú nìyẹn bí kò tilẹ̀ ní àléébù.

Lábẹ́ abọ́ kábúrétọ̀, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ní sólẹ́nọ́ìdì kékeré kan tí wáyà wọ inú rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti dá epo dúró bí ẹ bá pa kọ́kọ́rọ́. Ẹ fi ìka kàn án, kí ẹnìkejì yí kọ́kọ́rọ́ síbi tó ti tàn láìṣáná. Ẹ gbọ́dọ̀ gbọ́ "tá" kékeré lábẹ́ ìka yín. Bí kò bá sí, tí iná 12 fọ́ltì sì ń dé ibẹ̀, ẹ̀yin àti fífọ kábúrétọ̀ ò tíì ní ọ̀rọ̀ kankan pọ̀. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Bó bá ń dún, ẹ tú abọ́ náà, kí ẹ fi wáyà rírọ̀ kan àti oògùn ìfọkábúrétọ̀ tí à ń fín la ihò jẹ́ẹ̀tì, ihò tín-ín-rín tí epo ń gbà kọjá. Ẹ má ṣe fi irin líle, ẹ ó sọ ihò náà di ńlá.

Bí plọ́ọ̀gì bá tutù, epo ti dé, iná ni kí ẹ wá. Plọ́ọ̀gì tuntun kò wọ́n, ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Àlàfo ẹnu rẹ̀ lórí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ 0.030 ínṣì, ìyẹn mílímítà 0.76. Tẹ́sítà ni kí ẹ fi wo iná, kì í ṣe kí ẹ fi ara plọ́ọ̀gì kan irin ẹ́ńjìnnì nítòsí ihò tó ń mí oru epo.

Bí kò bá sí iná, ẹ má tíì ra kọ́ìlì, ohun tó ń fún plọ́ọ̀gì ní iná. Kọ́ìlì àwọn ẹ́ńjìnnì wọ̀nyí ń ṣe iná fúnra rẹ̀ láti ara mágínẹ́ẹ̀tì tó wà lára fláíwíìlì, ìyẹn àgbá irin wíwúwo tó ń bá ọ̀pá ẹ́ńjìnnì yí. Kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ bátìrì. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló wà lára rẹ̀ tó ń lọ sọ́dọ̀ kọ́kọ́rọ́ àti àwọn súwíìṣì ààbò, bí wáyà yẹn bá sì kan ara ẹ̀rọ, kọ́ìlì á dákẹ́. Ẹ yọ wáyà náà kúrò, kí ẹ tún fi tẹ́sítà wò ó. Bí iná bá padà dé, kọ́ìlì dára, súwíìṣì tàbí wáyà tó bó ni kí ẹ máa wá lọ, ti abẹ́ ìjókòó ni kí ẹ sì kọ́kọ́ fura sí. Bí kò bá dé síbẹ̀, kọ́ìlì ló kú, tàbí àlàfo rẹ̀ sí fláíwíìlì ti yẹ̀, 0.010 sí 0.014 ínṣì ló wọ́pọ̀. Ẹ so wáyà náà padà kí ẹ tó ṣáná, torí bí kò bá sí níbẹ̀, kọ́kọ́rọ́ ò ní lè pa ẹ́ńjìnnì mọ́.

Iná wà, epo wà, plọ́ọ̀gì tutù, síbẹ̀ ó ń yìnbọn láti ẹnu kábúrétọ̀ tàbí sàléńsà? Bí abẹ bá ti kọlu kùkùté tàbí òkúta láìpẹ́, ẹ wo kọ́kọ́rọ́ fláíwíìlì, irin kékeré tó dì í mọ́ ọ̀pá ẹ́ńjìnnì. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ní irin rírọ̀. Bó bá gé díẹ̀ péré, àkókò tí iná ń tàn á yẹ̀.

Fíltà afẹ́fẹ́: bó bá dúdú tàbí tí ọ́ìlì rin ín, ẹ yọ ọ́ kí ẹ dán an wò láìsí i. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Tó bá wá di pé ẹ fẹ́ ra ẹ̀yà kan, nọ́ńbà méjì ni kí ẹ mú lọ. Ti ẹ̀rọ náà wà lábẹ́ ìjókòó tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Òun lẹ ó fi ra súwíìṣì, sólẹ́nọ́ìdì tó ń gbé iná lọ sí sítátà, àti wáyà. Ti ẹ́ńjìnnì yàtọ̀, torí ilé iṣẹ́ mìíràn ló sábà máa ń ṣe é, orúkọ yòówù kó wà lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Lára irin ìbòrí ẹ́ńjìnnì ni wọ́n máa ń tẹ̀ ẹ́ sí; lórí Briggs & Stratton, ọ̀wọ́ nọ́ńbà mẹ́ta ni, Model, Type àti Code. Ẹ ya fọ́tò wọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, torí kábúrétọ̀ méjì tó jọra bí ìbejì lè má bá ẹ́ńjìnnì kan náà mu.